Ẹni Tó Ti Wà Nínú Géèmù

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á gbọ́; bí ẹ ò fẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ná. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ṣì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Aláwàdà ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ èyí, kì í rẹ́rìn-ín.

Jẹ́-n-rí-i làwọn oníbàárà ń pè é, torí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí o bá ní ẹ̀rọ rẹ ṣàdédé kú ni, "Jẹ́ n rí i" ni yóò sọ, á sì wò ọ́ tìfuratìfura. Ojú rẹ̀ ti rí àwọn tó da omi sórí ẹ̀rọ tí wọ́n tún ń búra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pè é wá sílé. Òjò ti ṣú. Ilé náà mọ́ tónítóní, ó sì pa rọ́rọ́. Ìyá mú un lọ sí yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, kọ̀ǹpútà sì wà lórí tábìlì.

"Géèmù ọmọ mi ni, Ẹnjiníà. Kò ṣí mọ́."

"Ọmọ ọ̀hún dà, mà?"

"Ó ti lọ. A ò mọ ibi tó wà."

Jẹ́-n-rí-i wo ìyá àgbà, ó wo kọ̀ǹpútà. "Kí lẹ wá fẹ́ fi géèmù ṣe?"

"Ó kọ́ ilé kan síbẹ̀. Bí mo bá tẹ ilẹ̀kùn ilé náà, màá gbọ́ ohùn rẹ̀: 'Màámi, ẹ wọlé.' Ó fi ń bá mi ṣeré nígbà yẹn ni." Ìyá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohùn rẹ̀ tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó parẹ́."

"Ẹ jẹ́ n rí i, mà."

Ó ṣí géèmù. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ wá jáde: *Ẹnì kan ti wà nínú géèmù yìí. Ṣé ká lé e jáde?*

Ó rẹ́rìn-ín sínú. Olè pásíwọ́ọ̀dù rèé, ó ti ibòmíràn wọlé.

"Ta ló tún mọ pásíwọ́ọ̀dù yìí?"

"Èmi nìkan."

Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa waya íńtánẹ́ẹ̀tì yọ, kí olè náà má rí ọ̀nà gbà wọlé. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án.

*Ẹnì kan ti wà nínú géèmù yìí.*

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tú ikùn ẹ̀rọ, bóyá ẹnì kan ti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Eruku ló bá. Ó dè é padà, ó tàn án. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde.

"Àwa mélòó la wà nílé yìí, mà?"

"Èmi àti ìwọ."

Irọ́ ni, ló sọ nínú ara rẹ̀. Ẹnì kan ń fi òun ṣeré. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gba kíṣìnì lọ, ó yọjú sẹ́yìnkùlé. Ìyá ń tẹ̀ lé e.

"Ṣé olè lo ń wá ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ni."

Nígbà tí wọ́n padà, máòsì tó fi sápá ọ̀tún kọ̀ǹpútà ti wà lápá òsì. Ó dúró. Kíṣìnì kan náà ni òun àti ìyá jọ lọ.

"Mà," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ọwọ́ wo lọmọ yín máa ń lò?"

Ìyá wo máòsì.

"Òsì."

Jẹ́-n-rí-i súnmọ́ tábìlì. Ó kàn fẹ́ parí iṣẹ́ kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. "Màá tẹ *Bẹ́ẹ̀ ni*, mà. Ẹni tó wà níbẹ̀ á jáde, géèmù á ṣí, ẹ ó sì gbọ́ ohùn ọmọ yín." Ó di máòsì mú. Ìyá gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ni kọ̀ǹpútà ní ká ṣe fún un?"

"Ká lé e jáde."

Ìyá kò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Inú yàrá yìí ni mo ti lé e. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó má padà wá."

"Ẹ̀rọ lásán ni, mà."

"Mo gbọ́. Fi í sílẹ̀."

"Ẹ lè má gbọ́ ohùn náà mọ́ o."

"Kí n má gbọ́ ọ. Mi ò lé ọmọ mi jáde mọ́."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ìyá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan síta ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n gbọ́ ìró láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga dún, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó sí i. Máòsì dún, ta, ta. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan, jẹ́jẹ́:

"Màámi, ẹ wọlé. Òjò ń rọ̀."

Jẹ́-n-rí-i yíjú sí ìyá. "Mà... ṣé bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Rárá," ni ìyá wí. "'Màámi, ẹ wọlé' nìkan ló máa ń sọ."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Jẹ́-n-rí-i dúró sínú òjò pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnu tó fi máa ń ní òun fẹ́ rí i, kò lè là á.