Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tútù Kì í Ṣe Oúnjẹ Màlúù

Bí ènìyàn bá dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Omifunfun láàárọ̀, ariwo ẹnu ló máa kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ọ̀bẹ. Àwọn obìnrin á ti yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọn á máa bó o, wọn á sì máa bó ọ̀rọ̀ ìlú mọ́ ọn.

Ẹ̀bùnọlá wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Akọ màlúù méjì tó so sẹ́yìnkùlé ló ń rò. Ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ koríko, egungun ìhà àwọn ẹran náà sì ti ń yọ síta. Ó ti pinnu pé kòkó nìkan kọ́ ni òun á máa gbójú lé, nítorí kòkó tí ọ̀dá bá bá jà kì í bọ́ ẹnikẹ́ni.

"Èèpo yìí mà pọ̀ o," ni Wùnmí tó jókòó tì í wí. "Kí lẹ ò ṣe kó o fún màlúù yín? Ewúrẹ́ ṣáà ń jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó bu èèpo kún apẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ ṣì ń kán lára rẹ̀, ó sì dà á síwájú màlúù méjèèjì, Dúdú àti Pupa. Dúdú tó lágbára jù fi ìwo ti èkejì sẹ́yìn, òun ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Inú Ẹ̀bùnọlá dùn.

Kò pẹ́ rárá tí Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ṣubú lulẹ̀. Kí Akínṣọlá, ọkọ Ẹ̀bùnọlá, tó sáré dé, ẹran ti kú. Ẹsẹ̀ Pupa náà kò sì ranlẹ̀ mọ́.

"Epo pupa! Májèlé nìyí!" ni Akínṣọlá ké.

Nílẹ̀ wa, ta ni kì í ké sí epo pupa bó bá ti gbọ́ májèlé? Ó ti ya ẹnu Pupa, ìgò epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùnọlá ti pe Toyibat, dọ́kítà ẹran ọ̀sìn tó wà ní Ọ̀rẹ̀, lórí fóònù, ó sì ń sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ gba ìgò yẹn lọ́wọ́ Bàbá!" ni Toyibat pariwo. "Ẹran tí kò lè mí dáadáa kò lè gbé epo mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò wọ̀ lọ. Ẹ kó èèpo kúrò níwájú rẹ̀, ẹ má lé e, ẹ má fà á. Mò ń gun ọ̀kadà bọ̀."

"Ṣé kí n máa wò ó títí á fi kú ni?" ni Akínṣọlá bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá Adédoyin." Ẹ̀bùnọlá gba ìgò náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì dúró ti ẹran rẹ̀.

Ibẹ̀ ni alápatà kan ti ń kọjá. Ó rí Dúdú nílẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dú u kó tó tutù. Akínṣọlá wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"A ó sin ín ni," ni Ẹ̀bùnọlá wí. "N kò ní fi ohun tó pa ẹran mi bọ́ ọmọ ẹlòmíràn."

Alápatà rojú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Toyibat dé, ó wo èèpo tó ṣẹ́ kù, ó sì gún Pupa ní abẹ́rẹ́. Wọ́n dúró tì í. Nígbà tó ṣe, mímí ẹran náà rọlẹ̀, ó sì gbórí sókè. Ẹ̀bùnọlá bú sẹ́kún.

"Màmá," ni Toyibat wí, "bẹ́ ẹ bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀?"

"Láéláé! A ó dì í sápò, a ó fún un, a ó jẹ́ kó kan, ká tó yan án. Májèlé wà nínú omi rẹ̀."

"Májèlé yẹn gan-an pọ̀ lára èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ lọ. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ pọ̀ ní tútù lè kú náà."

Ẹ̀bùnọlá yíjú sí Dúdú tó nà sílẹ̀. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń gba ènìyàn lọ́wọ́ májèlé ẹ̀gẹ́. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹran náà ní ẹ̀mí tó lè bọ́. Ó dùn ún wọra.

"Jẹ́ ká ta èyí tó kù, ká sinmi," ni Akínṣọlá wí.

"N kò tà á. Dọ́kítà, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Toyibat rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń ṣe ìwádìí oúnjẹ ẹran ti dán an wò, kò sì le. Ẹ fọ èèpo náà, ẹ lọ ọ́ nínú ẹ̀rọ gàrí yín, ẹ dì í sápò, kẹ́ ẹ fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù síbi tí ẹran kò ti ní mu ún. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, ẹ tú u ká, kẹ́ ẹ sá a sórí tapólì títí á fi gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè mú ẹran sanra. Ẹ pò ó mọ́ ewé agúnmaníyẹ̀ tẹ́ ẹ fi ṣọgbà yín, àti ìyókù ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rọ kan náà, jáàkì kan náà! Nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀, ìhà Pupa ti bò, Wùnmí náà sì ti ń wá ọmọ màlúù tó máa rà. Akínṣọlá tó ní kí wọ́n ta ẹran ló wá ń fi ọ̀pá lé adìyẹ kúrò lórí tapólì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin màlúù ní Odígbó, Àgọ́ Aláyè àti gbogbo àyíká, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹran bá kú. Ẹ má fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ lọ ọ́, ẹ fún un, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ sì pò ó mọ́ oúnjẹ mìíràn. Bí ẹran bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, dọ́kítà ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe ìgò epo. Èyí tó bá kú fúnra rẹ̀, ẹ sin ín, ẹ má tà á. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń bẹ̀rù láti jẹ ní tútù, ẹ má gbé e síwájú ẹran tí kò lè béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.