"Òun Ni, Ọ̀gá"

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìkànnì ilé ìtàwé wa kò ṣí fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ pé kò sí àṣẹ láti wọlé. Mo ti yẹ gbogbo ètò rẹ̀ wò tán, orí mi ti gbóná, kí ọ̀gá tó mú ọkùnrin gíga kan wọlé pé òun ni yóò máa bá mi tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì wa dúró.

Ó wo kọ̀ǹpútà mi fìrí. "Àǹtí, ètò yín ò lẹ́bi. Fódà tí ẹ kó àwọn ìwé yín sí yẹn ni ẹ ò tíì fún sáfà láṣẹ kó kà."

Ó tẹ ìlà kan péré, ìkànnì ṣí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Kíákíá.

Ìfẹ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ó ń pè mí ní ààyò, èmi ń pè é ní olówó orí mi. Orúkọ kan ṣoṣo àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì fi ń wọ sáfà, ó sì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní ọmọ náà tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn ẹbí dájọ́ ìgbéyàwó.

Ni ìkànnì bá kọ̀, kò gba àwòrán ìwé tuntun mọ́. Kíákíá ń kánjú lọ wo ilé tí a fẹ́ gbà. Dípò kó wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó ṣí fódà náà sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó sì yí i padà.

Mo ní, "Olówó orí mi, èyí ò da o. Sáfà nìkan ló yẹ ká fún láṣẹ."

"Ààyò mi, fọkàn balẹ̀. Tí mo bá dé lọ́la, màá tì í."

Kò tì í. Olè orí ayélujára kan gba ibẹ̀ wọlé, ó pa àwọn ìwé wa rẹ́, ó fi ìsọkúsọ rọ́pò wọn.

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Ó ní ẹni tó ṣí fódà yẹn ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ kan náà la sì fi ń wọlé, kọ̀ǹpútà ò lè sọ ẹni tó ṣe é. Mò ń dúró kí ọkọ àfẹ́sọ́nà mi sọ̀rọ̀.

Ó dorí kodò. "Òun ni, ọ̀gá."

Mo ní èmi kọ́. Ọ̀gá ní ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi kò lè purọ́ mọ́ mi. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ìyá Kíákíá ló kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí nílé wa. "Ìyàwó mi, gbé e mì fún un. Ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó ò gbọdọ̀ wà láìníṣẹ́."

Màmá mi wò ó. "Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ṣé ọmọ tèmi kì í jẹun ni?"

Kíákíá fúnra rẹ̀ wá lẹ́yìn náà, ó ń sunkún. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló purọ́ mọ́.

"Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé," ó ní, "ìwọ nìkan ló máa dárí jì mí."

Èyí ló dùn mí jù. Òótọ́ ló sì sọ. Mo ti dárí jì í kó tó jókòó, mo sì ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo dárí jì ẹ́," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rù bá ti bà ẹ́, èmi ni wàá máa tì síwájú."

Màmá mi ti dìde láti bu omi fún un. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, àlejò wa ti ń lọ.