Bàbá Mi Kò Mu Lánàá

"Nẹ́pà ti mú iná lọ," Fúnmiọlá wí, ó sì pòṣé. "Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wò ẹ́ gan-an."

Lábísí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Lábísí jókòó sórí sìmẹ́ńtì ní pálọ̀ Bàbá Sylvanus, aládùúgbò wọn, ó ká orúnkún méjèèjì mọ́ àyà. Àdúrà ló ń gbà nínú. Kì í ṣe àdúrà kí iná dé. Kí iná má dé ló ń bẹ Ọlọ́run, kí ó má dé títí ètò náà yóò fi kọjá, kí ó má tilẹ̀ dé mọ́ nílùú Ọ̀wọ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Pálọ̀ ti kún. Àwọn ará àdúgbò ti jókòó sórí àga, sórí àpótí, àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Wọ́n ti gbọ́ pé Lábísí ọmọ Hàmídù yóò jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ̀, Kúlísúmù, ti wé gèlè tó fi ń lọ kírun ọdún ní yídì, bí ẹni pé àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà yóò rí òun.

Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ wọlé. Ó gbé bátìrì mọ́tò sí èjìká, ó fi àkísà tẹ́ ẹ kí ásíìdì má baà jẹ ẹ̀wù rẹ̀. Orógbó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ẹ rò pé màá gbà kí Nẹ́pà fi ọmọ mi pamọ́ fún mi ni?" ó wí. "Láti àná ni mo ti ń ṣáàjì eléyìí. Mo mọ ìwà wọn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n yà fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, Hàmídù Oníbátìrì ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Ó rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tí kò dá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kílíìpù pupa gbá orí bátìrì mú, ó fi dúdú gbá ìkejì mú. Tẹlifíṣọ̀n kékeré náà hó díẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Lábísí fi ojú pamọ́ sáàárín orúnkún.

Ẹni tí kò bá mọ Hàmídù tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń ba ọmọ yìí lẹ́rù. Ọ̀mùtí ni ọkùnrin náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mùsùlùmí tó ń mu ògógóró, tó ń jẹ ewé efinrin kí ẹnu rẹ̀ má baà rùn ní mọ́sálásí. Ọtí ló mú kó da ásíìdì sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó fi di ẹni tó ń fa ẹsẹ̀. Ọtí ló mú kí bátìrì àwọn èèyàn bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn oníbàárà fi gbé tiwọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí ààwẹ̀ tó kọjá ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sí oko rẹ̀ ní Emure-Ile. Ó gbọ̀n níbẹ̀, ó làágùn, ó bú gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa padà wálé, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó kù tó ṣòro fún un ni ìrọ̀lẹ́. Bàbá Sylvanus, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí òun náà ti mu tirẹ̀ rí tó sì ti jáwọ́, ló sọ fún un pé, "Òùngbẹ yìí ní àkókò tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò wá kan ilẹ̀kùn. Má ṣe dá wà nígbà náà." Láti ìgbà náà, bí Hàmídù bá ti kírun tán, Bàbá Sylvanus á wá jókòó tì í níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì á máa jẹ orógbó, wọ́n á máa jiyàn bọ́ọ̀lù, títí òùngbẹ yóò fi kọjá lọ. Àwọn oníbàárà ti ń padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń padà, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Lábísí mọ gbogbo èyí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn kan. Ó mọ èèyàn sín jẹ. Nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á yí i ká lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á ní, "Lábísí, ṣe ti àgbò fún wa." Ti àgbò ni wọ́n fẹ́ràn jù: ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ mutí yó dé, tó bá àgbò Iléyá lórí ìso, tó rò pé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ni, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, tó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mo ti bà yín lórúkọ jẹ́, ẹ dárí jì mí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Lábísí kì í sọ fún wọn pé bàbá òun ń sunkún lóòótọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ètò "Ẹ Sọ Ọ́ Bó Ṣe Rí" wá sí Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú. Ètò náà kò ní òṣèré kankan. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń jáde síwájú kámẹ́rà, wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn gan-an, Láníyì aláwàdà á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe irun jẹ́rì kọ́ọ̀lù tó ń kán òróró láyé ọjọ́sí, ẹ nawọ́," Láníyì wí. "Ẹ má purọ́ fún mi. Ìrọ̀rí yín ṣì wà nílé, a lè fi òróró ara rẹ̀ dín àkàrà."

Ọkùnrin kan jẹ́wọ́ pé òun fá orí òun kodoro bí òṣèré kan tí òun rí nínú fídíò, ni ìyàwó òun bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Fúnmiọlá ti Lábísí nígùn-únpá. "Lọ, jàre. Ṣe ti àgbò. Àbí ẹ̀yìn kíláàsì lo fẹ́ kú sí?"

Lábísí lọ. Ó fa ẹsẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ àgbò. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pinnu pé òun á sọ pé aládùúgbò kan ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Láníyì bi í pé, "Bàbá ta nìyẹn?" ó wo gbogbo ojú tó ń retí, ó ní, "Bàbá mi ni." Ẹ̀rín náà gbé e sókè bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ jù sókè.

Láníyì nu ojú rẹ̀. "Ṣé ó ṣì ń mu ún?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Rárá, ó ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ẹ̀rín á kú, wọ́n á ní "A dúpẹ́," wọ́n á sì pe ẹlòmíràn. Ó yíjú sí kámẹ́rà.

"Àná ńkọ́? Àná gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á kúrò lẹ́sẹ̀ àgbò."

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ bi í ní ohun tó sọ. Ó ní òun kàn ṣe àwàdà díẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ sì sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wo ọmọ òun.

Lábísí nìyí báyìí, tó jókòó ti bátìrì, tí kò síbi tó lè gbà jáde láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ojú rẹ̀ yọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, kò tíì mọ ẹni tí ọmọ náà ń sín jẹ. Lẹ́yìn náà ó rí ẹsẹ̀ tó ń fà. Ó rí àgbò. Ẹ̀rín rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná àtùpà tí kò ní epo.

"Bàbá ta nìyẹn?" Láníyì ń bi í nínú àwòrán.

Lábísí na ọwọ́ sẹ́yìn, ó yọ kílíìpù pupa. Pálọ̀ ṣókùnkùn.

"Háà, kí ló tún dé?"

"Ó yẹ̀ ni," bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ẹ fara balẹ̀. Mo mọ bátìrì mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń fi ọwọ́ wá kílíìpù. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló bá lórí rẹ̀. Ó rọra gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ tán," ó wí, ó sì fi kílíìpù náà gbá orí bátìrì mú bó ṣe yẹ.

Àwòrán padà. "Àná ńkọ́?" ni ohùn Lábísí wí. "Àná gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á kúrò lẹ́sẹ̀ àgbò."

Ẹ̀rín bú nínú tẹlifíṣọ̀n. Ní pálọ̀, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rín in, ó sọ ọ́ di ikọ́. Hàmídù yọ orógbó kúrò lẹ́nu, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n jẹ́jẹ́, ó sì jáde.

"Tẹ̀lé e," Bàbá Sylvanus wí, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀. "Ọmọ yìí, tẹ̀lé bàbá rẹ. Mò ń bọ̀."

Ìdí ọtí Àbẹ̀ẹ́bí, obìnrin tó ń ta ògógóró, kò jìnnà; ibẹ̀ ni Hàmídù gbà lọ, Lábísí sì tẹ̀lé e. Àwọn tó wà níbẹ̀ náà ti wo ètò náà, bátìrì tí Hàmídù ṣáàjì fún obìnrin náà ni wọ́n sì fi wò ó.

"Oníbátìrì, a rí ẹ o," Olúgbádé, tí òun àti Hàmídù jọ ń mu tẹ́lẹ̀, wí. "Mo ṣebí o ti di àlùfáà ni. Àṣé àná lo tún lọ kí àgbò."

"Olúgbádé, fi í sílẹ̀," Àbẹ̀ẹ́bí wí. Ó wo Hàmídù tìfura-tìfura. "Ṣé kí n bù ú, Bàbá Lábísí?"

Lábísí kúnlẹ̀ sínú eruku. "Irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Bàbá mi kò mu lánàá. Kò mu láti ìgbà ààwẹ̀. Ẹ̀rín ni mo ń wá."

"Ọmọ gidi," Olúgbádé wí. "Ó ti ń bo àṣírí bàbá rẹ̀." Àwọn yòókù mi orí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà á gbọ́.

Hàmídù wo ife ọtí tí Àbẹ̀ẹ́bí ti bù síwájú rẹ̀. "Àgbò yẹn, òótọ́ ni," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Bó o bá sọ ìyẹn fún gbogbo ayé, màá gbà á. Ṣùgbọ́n àná, Lábísí. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lálẹ́ òní, àná tó kọjá yìí ni wọ́n kà á sí. Lánàá, ọ̀fun mi gbẹ bí iyanrìn. Mo jókòó ti bátìrì tí mo ń ṣáàjì nítorí rẹ, mi ò sì mu." Ó gbé ife náà. "Wọ́n ti ní mo mu. Kí ni mo wá ń ṣọ́?"

Ó mu ún. Nígbà tí Bàbá Sylvanus fi ọ̀pá rẹ̀ débẹ̀, ó ti mu òmíràn. Bàbá àgbà náà kò bá a jà. Ó jókòó tì í títí, lẹ́yìn náà òun àti Lábísí gbé e dìde. "Ó ṣubú ni," ó sọ fún ọmọ náà lójú ọ̀nà. "Ẹni tó ṣubú kò tíì kú. Oòrùn á tún wọ̀ lọ́la, a ó tún jókòó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé bátìrì wọn. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ń gbé e lọ. Nílé ẹ̀kọ́, ibikíbi tí Lábísí bá yà sí, wọ́n á ké tẹ̀lé e pé, "Àná ńkọ́?" Fúnmiọlá náà ń ké e kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Àwọn elétò náà tún padà wá. Lábísí dúró níwájú kámẹ́rà, ó sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láníyì fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò, mo gbà ẹ́ gbọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ta ló máa rẹ́rìn-ín sí i?" Nígbà tí ètò náà jáde, wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá sá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní ti Lábísí, irọ́ náà kò gbà ju kí ó la ẹnu lọ, òtítọ́ sì fẹsẹ̀ rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó. Bó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, á ti bárò lọ sílé àwọn oníbàárà, á kúnlẹ̀, á ní, "Bàbá mi kò mu lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní bátìrì yín." Àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan wò ó títí, wọ́n sì gbé bátìrì sínú bárò. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á wá jókòó sáàárín bàbá rẹ̀ àti Bàbá Sylvanus, á fi orógbó sẹ́nu. Ó korò. Kì í tu ú dànù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúgbádé ń kọjá lọ sí ìdí ọtí. "Oníbátìrì," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "àná ńkọ́?"

Hàmídù wo ọmọ rẹ̀.

"Kò mu lánàá," Lábísí wí. "Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ jókòó."

"Òní ńkọ́?"

"Oòrùn ò tíì wọ̀ tán," Hàmídù fúnra rẹ̀ dáhùn, ó sì na orógbó kan sí Olúgbádé. Ọkùnrin náà wò ó, ó gbà á, ṣùgbọ́n ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ẹni tó ń jà láti kúrò nínú ìwà burúkú, orúkọ rere díẹ̀ tó ń kó jọ ni ọ̀pá tó fi ń rìn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ kó já bọ́, òun náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ṣa èèpo rẹ̀ nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.