Omi Tó Ń Sun Lẹ́yìn Ilé Alágbàfọ̀

Alágbàfọ̀ tún fọ aṣọ funfun tó ti fọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó na aṣọ náà sójú oòrùn. Ó ṣì pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi nulẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo da ẹrẹ̀ sómi mi?" ó bi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó tẹjú mọ́ fóònù.

"Àǹtí mi, ìgbà wo lẹ rí mi nídìí omi ìfọṣọ rí?"

"Òótọ́ ni. Ìwà ọ̀lẹ rẹ ti jẹ́rìí gbè ọ́."

Kò sí agbára ìjà lára rẹ̀. Ó dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

Ìsàlẹ̀ odi adágún ni ilé wọn wà. Àwọn bàbá wọn àgbà ló kó yẹ̀pẹ̀ jọ, tí wọ́n to òkúta bò ó, kí omi má bàa ya wọ àdúgbò. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀ ni omi díẹ̀ ti ń sun lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ó mọ́ gaara. Obìnrin náà gbẹ́ ihò sí i, ó dúpẹ́, ó sì pa ẹ̀rọ omi ìlú tì. Ta ni yóò rí omi lẹ́yìnkùlé tí yóò tún máa ru garawa?

Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn eré àwárí. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́, á gbé àmì ibẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn ẹlòmíràn á máa fi fóònù wá a kiri. Inú odi yẹn ló fi tirẹ̀ pamọ́ sí, kí àwọn àlejò lè rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá. Wọ́n sì ń wá lóòótọ́. Fóònù á mú wọn dé ìdí odi, ṣùgbọ́n kò lè sọ òkúta tí àpótí wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á yọ ọ̀kan, wọ́n á yọ òmíràn. Ẹni tó bá láàánú á dá a padà.

Nígbà tó di ọ̀sán, oníbàárà rẹ̀ obìnrin kan dé, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi, ó wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," alágbàfọ̀ wí. "Omi ẹ̀yìnkùlé ló kó àbàwọ́n bá a. Ó mọ́ tẹ́lẹ̀ o. Àárọ̀ yìí ló ṣàdédé di ẹrẹ̀."

Òṣìṣẹ́ omi náà gbàgbé aṣọ. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí ihò náà, ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbójú sókè wo odi.

"Ìyá, àwọn ọmọ yín dà?"

"Wọ́n wà nílé ìwé."

"Kí wọ́n má padà síbí. Ẹ̀yin náà, ẹ jáde, ẹ gun òkè."

"Ẹrù aṣọ àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀! Adágún ló ń jò. Nígbà tó ṣì mọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ fún wa. Ní báyìí tó ti di ẹrẹ̀, yẹ̀pẹ̀ inú odi ló ń wọ́ jáde yẹn. Ó lè ya nígbàkigbà."

"Òkúta díẹ̀ ni wọ́n kàn yọ," àbúrò rẹ̀ sọ lábẹ́ ohùn.

"Òkúta yẹn ló di yẹ̀pẹ̀ mú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó bú u lọ. "Dìde. Ẹsẹ̀ tó o fi ń wá àpótí, fi sáré kiri ilé àwọn ará àdúgbò. Bàbá arọ tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ni kó o gbé e sí."

Ilé-iṣẹ́ omi tú omi adágún sílẹ̀ gba apá kejì kó lè dín kù. Síbẹ̀, odi náà ya lápá kan. Omi gbé ilé ìdáná alágbàfọ̀ àti ẹrù aṣọ lọ, ó sì ba ilé rẹ̀ jẹ́. Kò gbé èèyàn kankan. Títí di òní, yàrá ìbátan ni òun àti àwọn ọmọ ń sùn sí, ó sì ń fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí omi gbé aṣọ wọn lọ.

Ẹ̀yin eléré àwárí, eré yín kò burú. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi nǹkan pamọ́. Ẹ má fi sínú odi, ẹ má fi sábẹ́ afárá, ẹ má fi síbi tí wọ́n máa yọ òkúta kí wọ́n tó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wá a, bí ẹ ò bá rí i, ẹ máa lọ sílé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nísàlẹ̀ adágún, omi tó bá sun níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ omi kẹ́ ẹ tó bu ú. Bó bá ti di ẹrẹ̀, ẹ má dúró di ẹrù. Ẹ gbé ọmọ, ẹ gbé arúgbó, ẹ gun òkè.