Ọkọ́ Ọmọ Tísà

Ẹrẹ̀ ti mù ún dé orúnkún, síbẹ̀ orin ìyìn ló ń kọ. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, tí gbogbo oko etí odò sì dà bí àwo omi. Ọmọbìnrin náà ń la ojú omi láàárín àgbàdo kí omi lè rí ọ̀nà sá lọ. Ó ń gbé ọkọ́ sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, orin rẹ̀ kò sì yẹ̀ kúrò lórí ìró ọkọ́ náà, títí ẹ̀rúkọ́ fi kán mọ́ ọn lọ́wọ́, tí irin sì rì sínú ẹrẹ̀.

Orin dákẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà bọ́ bàtà, ó wọ inú oko, ó sì ń fi ọwọ́ wá irin náà nínú ẹrẹ̀ títí ó fi bà á.

"Ẹ ṣeun o," ni ọmọbìnrin náà wí.

"'Ẹ' kẹ̀? Èmi àti ta ni?" Gbẹ́nàgbẹ́nà bojú wẹ̀yìn. "Èmi nìkan ni mo dá wá."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "O ṣeun nígbà náà. Ṣùgbọ́n má fi irin yẹn ṣeré. Ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi kó tó lọ sọ́dọ̀ Olúwa."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, lódìkejì odò. N ó fi ẹ̀rúkọ́ sí i tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ yóò ṣì fi roko."

"Èmi tí mi ò tíì lọ́kọ, ìwọ ti ń ka ọmọ-ọmọ fún mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ọmọbìnrin yìí. Ọmọ Tísà ni. Bàbá rẹ̀ ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ abúlé náà níwèé, ẹni tó bá sì ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò jẹ́ kọ lẹ́tà láìfi àmì ohùn sórí rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì tirẹ̀," Tísà a máa wí, "ìhòòhò ló ń rìn kiri."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gbẹ́nàgbẹ́nà gba orí afárá kọjá wá. Kò mú ọkọ́ dání.

"Igi tí mo fẹ́ fi ṣe é kò tíì gbẹ," ni ó wí. "Òjò yìí pọ̀."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, ó tún dé. Igi kò tíì gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì pé, igi kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n kò jókòó lásán. Ó kan òrùlé tó ń jò sórí ibùsùn Tísà, ó tún ẹsẹ̀ àga ṣe, ó sì bá ọmọ Tísà da ẹrẹ̀ kúrò lójú omi títí ẹ̀yìn fi dùn wọ́n.

"Igi tìrẹ yìí," ni ọmọ Tísà wí, "ẹ̀rù ń bà mí kí Jésù má dé bá a ní tútù."

"Igi tó dára kì í kánjú."

"Ṣé igi náà là ń sọ?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ilẹ̀. "Rárá," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Ọmọ Tísà gbé orin sẹ́nu, ó sì kọ ọ́ délé lọ́jọ́ náà, kò fo ẹsẹ kan. Tísà gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Kì í ṣe aláìmoore, ó ti dúpẹ́ òrùlé; síbẹ̀ ó ní ọ̀rọ̀ nínú.

"Ọmọkùnrin yẹn, ìwé mélòó ló kà?"

"Ìwé mẹ́rin, Bàbá. Ìyá rẹ̀ kú, ó sì lọ kọ́ṣẹ́."

"Ọmọ mi, mi ò kọ́ ọ kí o lọ fẹ́ ẹni tí yóò máa ka lẹ́tà rẹ bí ẹni ń rìn lórí ẹ̀gún."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, odò kún bo afárá, ó sì gbé e lọ pátá. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún di ará ọ̀hún, ẹni tó wà níbí di ará ibí. Àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́sẹ̀ nítorí omi, ọkọ́ àyálò tí ọmọ Tísà ń lò sì kúrú, ó bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohùn kò lè borí ariwo omi. Nítorí náà ó gbé pátákó àtijọ́ ilé-ìwé lọ sétí odò, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà, gbogbo àmì ló pé: "Mo fẹ́ ọkọ́ mi."

Òjò dé. Lẹ́tà nípọn, kò pa rẹ́. Àmì orí lẹ́tà, tó tín-ín-rín, ni omi kọ́kọ́ wẹ̀ lọ.

Ìyá Oníyọ̀, tó ń ta iyọ̀ lódìkejì, ni ó kọ́kọ́ kà á sókè. "'Mo fẹ́ ọkọ mi.' Ẹ bá mi pe gbẹ́nàgbẹ́nà wá o. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sétí omi."

Gbẹ́nàgbẹ́nà dé, ó kà á, ó tún un kà. Ó mú èédú, ó sì kọ ọ́ sára pákó kan: "Mo ti rí i. Mo ń bọ̀."

Ẹ̀rín la odò já. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti dé etí Tísà.

"Ọmọ tèmi," ni Tísà wí, "ni ó dúró létí odò tó ń tọrọ ọkọ?"

"Bàbá, mo fi àmì sí i. Òjò ló wẹ̀ ẹ́."

"Àwọn tó rẹ́rìn-ín kò rí àmì kankan. Ọkọ́ rẹ yóò dé. Ẹni tó bá mú un wá yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì padà síbi tó ti wá. Ó parí."

Ó dun ọmọ Tísà dé egungun. Ṣùgbọ́n kò bú sẹ́kún. Ó gbé ọkọ́ àyálò, ó sì padà soko.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo èèyàn jáde láti tún afárá ṣe, nínú òjò náà. Òmùwẹ̀ kan mú okùn kọjá níbi tí omi ti rọlẹ̀ lókè odò, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń la igi, ó ń fi okùn náà rán an kọjá. Ìyá Oníyọ̀ ní kó kúkú so ọkọ́ náà mọ́ okùn kó máa lọ.

"Rárá, Ìyá," ni ó wí. "Ọwọ́ ni mo fi gbà á. Ọwọ́ ni n ó fi fún un padà."

Ní ọjọ́ kẹta, Tísà mú agboòrùn, ó wá wo iṣẹ́. Ó rí i pé wọ́n ti gbẹ́ nǹkan sára ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ta ló fi àmì wọ̀nyí sí i?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, sà," ni bíríkìlà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ dáhùn. "Ó ní èyí tó ní àmì òkè, ká gbé e sókè. Èyí tó ní àmì ìsàlẹ̀, ká tẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Èyí tí kò lámì, àárín ni tirẹ̀. Àwa ò tíì ṣi igi kan gbé."

Tísà dìde. Ó padà sílé, ó gbé agogo ilé-ìwé wá. Láti ìgbà náà, bí agogo bá ró, èbúté méjèèjì á fa okùn pa pọ̀. Olúwa sì fún wọn lágbára. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, òjò dá, afárá sì dúró, ó le ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn arúgbó dúró wò ó pẹ̀lú ìwúrí: ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ kọjá, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Tísà dúró sí orí afárá, kò yà fún un.

"Ta ló kọ́ ọ ní àmì?"

"Ìyá mi ni, sà. Bí ó bá ń kọrin nínú ìwé orin rẹ̀, á máa fi ìka tọ́ ọ fún mi. Ìsàlẹ̀, àárín, òkè."

"O kò sì sọ fún mi?"

"Ìwé mélòó ni ẹ bi ọmọ yín nípa mi, sà. Ẹ kò bi mí léèrè ìyá mi."

Tísà yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí i.

"Gbogbo ayé ti ṣi ìwé rẹ kà. Wá tún un kọ níṣojú wọn. Òjò ti dá. Fi àmì sí i dáadáa."

Ọmọ Tísà nu pátákó. Ó kọ ọ́: "Mo fẹ́." Ó fa àmì òkè rẹ̀ kedere. Ó kọ ọ̀rọ̀ kẹta, ó sàmì sábẹ́ lẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ "mi." Ó gbé ṣọ́ọ̀kì lé àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ padà.

Ìyá Oníyọ̀, tó ti kọjá wá, na ọrùn láti kà á.

"Ọ̀rọ̀ kẹta ńkọ́?" ni Tísà wí. "O gbàgbé àmì orí rẹ̀."

"Mi ò gbàgbé, Bàbá. Kò gba àmì."

Odò ń hó lábẹ́ afárá. Tísà ka pátákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó sì fa ìlà ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú èyí tó ti fi ogójì ọdún fà fún ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n.

"O gbà á," ni ó wí, ó sì yà lọ́nà.