Ohùn Tí Aránṣọ Gbà Gbọ́

Lọ́jọ́ Sátidé, bí ago mẹ́rin bá ti lù, aránṣọ a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àsìkò tí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń ka èsì bọ́ọ̀lù lórí rédíò nìyẹn.

"Ẹ dákẹ́ o! Akéde mi ti dé."

"Ṣé a ò tún gbọdọ̀ mí ni?" ni oníbàárà kan wí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni akéde náà. Nígbà tó yá, àwọn onílé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ètò náà. Ọ̀gá ètò na bébà kan sí i.

"Ka èyí mọ́ ọn."

"Ọ̀gá, wọ́n ní kí n sọ pé mo ta tẹ́tẹ́, mo sì jẹ. Mi ò ta rí."

"Ta ló bi ọ́? Ẹni tó máa kà á ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn màíkì. Ó kà á, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó délé, kò bá ẹ̀rọ. Ipa ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì hàn nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń fi ọwọ́ rán bọ́tìnnì.

"Bàbá, ẹ̀rọ dà?"

"Mo tà á, mo fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Mo fẹ́ ra èyí tó ń lo iná. Wọ́n jẹ mí."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú àwọn onítẹ́tẹ́?"

"Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ìwọ ni mo gbà gbọ́. O ní o jẹ."

Bí ilẹ̀ bá lanu, ọmọ náà ìbá wọlẹ̀.

"Bàbá, mi ò ta rí. Wọ́n kọ ọ́ fún mi ni."

Abẹ́rẹ́ dúró. Bàbá ò bú u. Ìbá sàn kó lù ú.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọmọ náà ka èsì tán lórí rédíò, ó ti bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ní mo jẹ tẹ́tẹ́. Irọ́ ni mo pa. Mi ò ta rí."

Wọ́n pa màíkì mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n lé e jáde.

Ó délé, kò lè gbójú sókè.

"Mo gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó na abẹ́rẹ́ sí i. "Jókòó. Bọ́tìnnì pọ̀."

Ní Sátidé kejì, ago mẹ́rin lù. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí ẹ bá fi ohùn yín gbé jáde, ẹni tó fẹ́ràn yín jù ni yóò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.