Àṣìṣe Inú Asẹ́ńbúlà Túnmiṣe

Ọjọ́ tí Túnmiṣe kọ́kọ́ rí Rewájú, ṣe ni ọmọkùnrin náà ń gbọn iyanrìn bàtà rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà ẹgbẹ́ oníkọ̀ǹpútà wọn ní Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ wá láti Gberefu.

"Ta ló ni asẹ́ńbúlà tí wọ́n ń sọ?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kékeré yìí?"

"Jókòó jàre, kí n tó lé ẹ padà sínú omi!"

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé eré wọn. Ètò kọ̀ǹpútà méjì, tí wọ́n ń pè ní jagunjagun, ni wọ́n ń jù sínú kọ̀ǹpútà kan kí wọ́n bá ara wọn jà. Èyí tó bá kú ti pàdánù. Asẹ́ńbúlà tí Túnmiṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń sọ àṣẹ oníkálukú di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà gbọ́.

Nígbà tó yá, ìdíje dé. Ẹni tó bá borí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ọlọ́dún kan ní Ìbàdàn. Bàbá Rewájú ti sọ tirẹ̀: bí ọmọ òun ò bá borí, kó padà sídìí àwọ̀n. Olólùfẹ́ méjèèjì ló pàdé ní àṣekágbá. Kò pẹ́ rárá tí jagunjagun Rewájú fi kú. Túnmiṣe borí.

Lọ́jọ́ kejì ló yẹ iṣẹ́ Rewájú wò. Àárọ̀ ìdíje ni ọkùnrin náà ti ki ọ̀rọ̀ kan sáàárín àwọn àṣẹ rẹ̀, irú èyí tó yẹ kí asẹ́ńbúlà fò: "Nítorí Túnmiṣe, ayọ̀ mi." Asẹ́ńbúlà ò fò ó. Ó kà á mọ́ àṣẹ, jagunjagun náà wá ń gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò yẹ. Kò sẹ́lòmíì nínú ẹgbẹ́ tó ń kọ̀wé ìfẹ́ sáàárín ogun, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà ò fi hàn rí.

"Ṣé ìwọ lo ní kó kọ orúkọ ẹ síbẹ̀?" ni ìyá Túnmiṣe wí nígbà tó sọ fún un nílé wọn ní Aradagun. "Pa ẹnu mọ́. Kí ni ọmọ apẹja fẹ́ fi Ìbàdàn ṣe?"

Ó pa ẹnu mọ́. Rewájú á pè é lórí fóònù: "Olódo ni mí, ìfẹ́ mi. Ìwọ máa lọ, inú mi dùn." Háà! Ojú ti Túnmiṣe dé egungun.

Lọ́jọ́ kejìlá, ó wọkọ̀ lọ sí Gberefu. Ó bá bàbá àtọmọ níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Rewájú bi í.

"Ọjọ́ kejì ìdíje."

"O sì ń gbọ́ tí mò ń pe ara mi ní olódo?"

"Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì fẹ́ràn Ìbàdàn náà. Ojú kòkòrò ni. Mo ti tún asẹ́ńbúlà ṣe, mo tún ìjà náà jà, ìwọ lo borí. Mo ti sọ fún àwọn tó ṣètò ìdíje. Ìwọ lo ń lọ."

Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ọmọ mi ò gọ̀, àbí?"

"Kò gọ̀, sà. Èmi ni mo ṣẹ̀."

"Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń bú u." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó fi èdè Ègùn bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Túnmiṣe ò gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n ó rí omi lójú Rewájú.

Ó dìde, ó forí lé ọ̀nà ọkọ̀. Rewájú sáré bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Inú ń bí mi o, Túnmiṣe."

"Mo mọ̀."

"Á ṣì máa bí mi lọ́la. Bóyá lọ́túnla pàápàá." Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Dúró tì mí títí á fi tán."